Ẹ̀rọ Akéde-Ewu Lórí Òkè: Èwo Ni Kí A Rà?

Láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni ẹgbẹ́ agunkè ilé-ẹ̀kọ́ wa ti ń dá owó jọ, kí a lè ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ènìyàn lè fi ké gbàjarè bí ewu bá dé bá a lórí òkè. Owó náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, àríyànjiyàn sì ti bẹ̀rẹ̀: àwọn kan ní irú èyí ni kí a rà, àwọn mìíràn ní irú tọ̀hún. Wọ́n ní kí èmi lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí n sì kọ ohun tí mo bá rí sínú ìwé ìròyìn wa. Kì í ṣe pé mo gbọ́n ju àwọn yòókù lọ ni wọ́n fi yàn mí. Mo wà níbẹ̀ ní ọjọ́ tí ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wa kán ni.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ọjọ́ náà. Àwa tí a ń gbé Abidjan, ọ̀sà àti ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ojú wa mọ̀. Òkè tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń gùn kò ju àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Adjamé tí ó sì kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, lẹ́yìn ìrìn tí ó ju 500 kìlómítà lọ, yóò dé ìlú Man, níbi tí àwọn òkè yí ìlú ká bí ọgbà. Níbẹ̀ ni òkè tí àwọn Faransé sọ ní Dent de Man wà, èyíinì ni Eyín Man, nítorí pé ó yọ ṣóńṣó sókè bí eyín ajá. Gíga rẹ̀ jẹ́ 881 mítà. Níbẹ̀ náà ni òkè Tonkoui wà, tí ó ga tó nǹkan bí 1,200 mítà. Bí a bá tún lọ síwájú dé ibi tí ilẹ̀ Côte d'Ivoire, Gínì àti Làìbéríà ti pàdé, a ó bá òkè Nimba, tí góńgó rẹ̀ ga tó 1,752 mítà. Góńgó náà ń jẹ́ orúkọ Jacques Richard-Molard, onímọ̀ nípa ilẹ̀ ayé ọmọ Faransé, ẹni tí ó kú nínú ìjàǹbá ní agbègbè òkè náà ní ọdún 1951. Ti Nimba kì í ṣe òkè tí ènìyàn ń gùn bó ṣe wù ú, nítorí ilẹ̀ àìgbọdọ̀wọ̀ ni, àfi ẹni tí ó bá gba àṣẹ ìjọba.

Ní ọdún tó kọjá, ní àkókò ọyẹ́, àwa mẹ́fà gun Eyín Man. Gígùn rẹ̀ kò le jù. Sísọ̀kalẹ̀ ni ó fojú wa rí màbo. Ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òkúta kan yí lábẹ́ ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ wa kan tí ó jẹ́ ọmọ Tógò, ó ṣubú, egungun ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Gbogbo wa yọ fóònù jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí ẹyọ kan tí ó rí nẹ́tíwọ̀ọ̀kì. A mọ 180 ti àwọn panápaná, a mọ 185 ti àwọn oníṣègùn pàjáwìrì, ṣùgbọ́n nọ́ńbà tí ènìyàn kò lè pè, kí ni ìwúlò rẹ̀? Àwa méjì ni a sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí abúlé. Ilẹ̀ ti ṣú kí a tó dé ibẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́: bàbá àgbàlagbà kan gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, ó pe àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin jọ, wọ́n gé igi méjì, wọ́n na aṣọ sí i, wọ́n sì tan tọ́ọ̀ṣì tẹ̀lé wa. Aago márùn-ún ìdájí ni a gbé ọ̀rẹ́ wa dé ilé ìwòsàn. Ó ti ń rìn báyìí, ó kàn ń tiro díẹ̀ ni. Bí ó bá jẹ́ pé orí ni ó fi gbá òkúta, tàbí tí ejò bá bù ú jẹ, èmi kò rò pé wákàtí mẹ́tàlá yẹn ni à bá tún rí lò.

Wíwá ènìyàn nínú igbó òkè kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ní ọjọ́ 15 oṣù kẹta ọdún 2008, ọkọ̀ òfuurufú kékeré kan gbéra ní Èkó, ó ń lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú Bebi, lẹ́bàá Obudu, níbi tí òkè pọ̀ sí ní ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ènìyàn mẹ́ta ni ó wà nínú rẹ̀. Kò dé ibi tí ó ń lọ. Wọ́n wá a títí, wọn kò rí i. Ó di ìparí oṣù kẹjọ ọdún kan náà kí àwọn ọdẹ tó bá àwókù rẹ̀ pàdé nínú igbó, gbogbo àwọn tí ó wà nínú rẹ̀ sì ti kú. Odindi ọkọ̀ òfuurufú ni mo wí o, kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a wo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. PLB ni àwọn tí ń tà á ń pè é. Kò tóbi ju ohun tí ènìyàn lè fi sí àpò ṣòkòtò lọ. Ó ní ọ̀pá èríàlì tí a ń nà sókè, ó ní bọ́tìnì tí wọ́n fi ìdérí bò kí ènìyàn má baà ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, ó sì ní bátìrì tí ó ń sùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Bí a bá tẹ bọ́tìnì náà, ẹ̀rọ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ju ìró rédíò sí ojú ọ̀run lórí ìgbì 406 MHz, ní nǹkan bí àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá sí àádọ́ta ìṣẹ́jú-àáyá, pẹ̀lú agbára wáàtì márùn-ún. Kò gbọdọ̀ dákẹ́ kí wákàtí mẹ́rìnlélógún tó pé. Sátẹ́láìtì tí ń kọjá lókè yóò gbọ́ ọ, yóò sì jù ú padà sí ibùdó tí ó wà nílẹ̀. Ibùdó náà yóò ṣírò ibi tí igbe náà ti wá, yóò sì kéde rẹ̀ fún àwọn tí ìwákiri àti ìdóòlà-ẹ̀mí agbègbè náà wà lọ́wọ́ wọn.

Orúkọ ètò ńlá tí ó ń ṣe iṣẹ́ yìí ni Cospas-Sarsat. Ní ọdún 1979, orílẹ̀-èdè mẹ́rin fọwọ́ sí ìwé àdéhùn rẹ̀: Sófíẹ̀tì, Amẹ́ríkà, Kánádà àti Faransé. Ẹ rántí pé ní àkókò náà, Sófíẹ̀tì àti Amẹ́ríkà kì í bá ara wọn jẹun nínú àwo kan. Síbẹ̀ wọ́n fi sátẹ́láìtì ṣọ̀kan kí ẹni tí ó sọnù lè di rírí. Sófíẹ̀tì ni ó kọ́kọ́ fi tirẹ̀ sókè ní ọdún 1982, nígbà tí ó sì di oṣù kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n fi rí ènìyàn mẹ́ta tí ọkọ̀ òfuurufú wọn já ní ilẹ̀ Kánádà. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti dara pọ̀. Nàìjíríà wà lára wọn: ibùdó tirẹ̀ wà ní Abuja, lábẹ́ NEMA, ilé-iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ pàjáwìrì.

Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á gbọ́dọ̀ la ojú rẹ̀. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran. Oníṣòwò kan fi ẹ̀rọ kan hàn mí tí owó rẹ̀ kò tó ìdajì ti àwọn yòókù. Mo yí i padà, mo ka ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí i pé 121.5 MHz nìkan ni wọ́n kọ sí i. Irú ẹ̀rọ ìgbà àtijọ́ ni. Láti ọjọ́ 1 oṣù kejì ọdún 2009 ni àwọn sátẹ́láìtì ti ṣíwọ́ gbígbọ́ ìgbì yẹn. Ẹni tí ó bá tẹ̀ ẹ́ lórí òkè yóò máa ké, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ láti òkè. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi ìyẹn kórìíra nọ́ńbà náà pátápátá: PLB tòótọ́ máa ń ju ìgbì 121.5 jáde pẹ̀lú 406, kí àwọn tí ń wá ènìyàn lè máa tọ ìró rẹ̀ bí wọ́n bá ti súnmọ́ tòsí. Èyí tí ó ní méjèèjì ni ó dára. Èyí tí ó ní 121.5 nìkan, ẹ dá a padà fún olówó rẹ̀.

Ohun kejì tí ó yẹ kí a wò ni bóyá GPS wà nínú rẹ̀. Láìsí GPS, sátẹ́láìtì lè fi ìṣirò mọ ibi tí a wà, ṣùgbọ́n àṣìṣe rẹ̀ lè tó kìlómítà márùn-ún. Pẹ̀lú GPS, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ni yóò sọ ibi tí ó wà, àṣìṣe rẹ̀ kì í sì í sábà ju nǹkan bí ọgọ́rùn-ún mítà lọ. Lójú òkun, kìlómítà márùn-ún kò jẹ́ nǹkan fún ọkọ̀ òfuurufú tí ń wò láti òkè. Nínú igbó Man, níbi tí ewé bo ilẹ̀ bí òrùlé, kìlómítà márùn-ún jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ méjì. Nítorí náà, èmi kò ní fi kọ́bọ̀ kan ra èyí tí kò ní GPS.

Àwọn ẹ̀rọ mìíràn wà tí wọ́n jọ ọ́, tí wọn kì í ṣe òun. Irú kan wà fún ọkọ̀ ojú omi, EPIRB ni wọ́n ń pè é, òmíràn sì wà fún ọkọ̀ òfuurufú, ELT ni. Inú ètò kan náà ni gbogbo wọn wà, ṣùgbọ́n ti ènìyàn ni PLB. Ẹnìkan nínú ẹgbẹ́ wa tún gbé àwòrán kan wá, ó ní irú ẹ̀rọ tí àwọn agunkè Switzerland ń gbé kọ́rùn nìyẹn. Òótọ́ ni, ẹni tí òkìtì yìnyín bá ya bò mọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń wá, ìró rẹ̀ kì í sì í rìn ju ìwọ̀nba mítà díẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ tí yìnyín bá ya bo ènìyàn ní Man, a ó rà á. Bákan náà ni bọ́tìnì kékeré tí àwọn ènìyàn ń so mọ́ kọ́kọ́rọ́ kí ó má baà sọnù: fóònù àwọn tí ń kọjá nítòsí ni ó fi ń sọ ibi tí ó wà. Ta ni yóò gbé fóònù kọjá nínú igbó ní òru? Ní ti àwọn fóònù tuntun tí wọ́n ní ó lè bá sátẹ́láìtì sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e láìwádìí. Nígbà tí iPhone bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, Amẹ́ríkà àti Kánádà nìkan ni ó ti ń ṣiṣẹ́. Láti ìgbà náà, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fi kún un. Kí ènìyàn mọ̀ bóyá ilẹ̀ tí òun ń lọ wà nínú wọn kí ó tó kúrò nílé.

Alátakò gidi tí PLB ní ni ẹ̀rọ tí ń fi ìwé ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ sátẹ́láìtì. Garmin inReach ni èyí tí a mọ̀ jù. Sátẹ́láìtì ilé-iṣẹ́ Iridium ni ó ń lò, mẹ́rìndínláàádọ́rin sì ni àwọn tí ń yí ayé ká fún iṣẹ́ náà, tí kò sí ibi tí wọn kò dé lórí ilẹ̀ ayé. Òmíràn ni SPOT, tí ń lo sátẹ́láìtì Globalstar. Sátẹ́láìtì Globalstar kì í fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ara wọn; ibùdó gbọ́dọ̀ wà nílẹ̀ ní ibi tí sátẹ́láìtì náà lè rí lẹ́ẹ̀kan náà tí ó ń rí wa. Nítorí èyí, ẹni tí yóò lò ó ní Áfíríkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo àwòrán ilẹ̀ tí wọ́n fi ń sọ ibi tí ó dé.

Kí ni ìyàtọ̀? PLB kì í gba owó mìíràn lẹ́yìn owó tí a fi rà á, owó náà sì máa ń ju 200 dọ́là Amẹ́ríkà lọ. Agbára rẹ̀ ju ti ìkejì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, bátìrì rẹ̀ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa ranti rẹ̀ lálaalẹ́. Ṣùgbọ́n igbe kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n ké: "Ẹ gbà mí!" Kò lè sọ pé ẹsẹ̀ ni ó kán, kì í ṣe ejò, kò lè sọ pé a kàn pẹ́ ni, kí ìyá má dààmú. InReach lè sọ gbogbo rẹ̀, ó sì lè gba èsì. Ní ìdàkejì, a ní láti máa fi iná sí i lára bí fóònù, a sì ní láti máa san owó fún un. Bí a kò bá san án, òkúta ni.

Títí di ibí yìí, ohun tí ènìyàn lè kà nínú ìwé tí wọ́n fi ń ta ẹ̀rọ náà ni mo ń sọ. Ohun tí ìwé wọn kì í béèrè, tí mo sì rò pé ó yẹ kí àwa béèrè kí a tó béèrè owó, ni èyí: bí ẹ̀rọ náà bá ké, ta ni yóò gbọ́, ọ̀nà wo ni ẹni náà yóò sì gbà dé ọ̀dọ̀ wa? Ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń kọ ìwé wọ̀nyẹn, àwọn adóòlà-ẹ̀mí orí òkè wà tí ọkọ̀ hẹlikópítà wọn ń dúró dè wọ́n. Ní ti àwa, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin abúlé tí ó gé igi méjì ni adóòlà wa. Igbe PLB yóò gba ojú ọ̀run lọ, yóò dé ibùdó ní ilẹ̀ òkèèrè, yóò ti ibẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn aláṣẹ orílẹ̀-èdè yìí, àwọn náà yóò wá ẹni tí wọ́n lè rán ní agbègbè Man. Ọ̀nà náà gùn. Ti inReach pẹ̀lú gùn bí a bá tẹ bọ́tìnì pàjáwìrì rẹ̀, nítorí Texas ní Amẹ́ríkà ni àwọn tí ń dá a lóhùn wà, àwọn náà yóò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí wọn yóò pè níbí. Ṣùgbọ́n ó fún wa ní ọ̀nà àbùjá: ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tí a fi kọ ìwé sí olùkọ́ wa ní Abidjan, òun lè pe bàbá abúlé náà lórí fóònù, kí àwọn ọ̀dọ́ sì ti máa bọ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú.

Èyí ni ó mú kí n dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ wa ra ẹ̀rọ tí ń gba ìwé tí ó sì ń fi ìwé ránṣẹ́. Akápò wa, ẹni tí mo bọ̀wọ̀ fún, ti bi mí léèrè bóyá ẹgbẹ́ tí ó fi oṣù mẹ́ta dá owó ẹ̀rọ jọ ni yóò máa rántí san owó oṣooṣù. Ìbéèrè náà dùn mí nítorí pé òótọ́ ni. Ìdáhùn mi ni pé a lè san án fún oṣù tí a bá ń lọ nìkan, kí a sì dá a dúró lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n fún ẹni tí ń dá rìn, tí kò ní ẹnikẹ́ni nílé tí yóò jókòó ti fóònù dè é, PLB ni mo lè gbà á nímọ̀ràn pé kí ó rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní London tàbí Paris, tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ra PLB ránṣẹ́, ẹ fetí sílẹ̀. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí orúkọ orílẹ̀-èdè kan fara pamọ́ sínú rẹ̀. Bí ẹ̀rọ tí wọ́n rà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá ké ní Man, ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọn yóò ti béèrè pé ta ni ó ni ín. Nítorí náà, níbẹ̀ ni ẹ gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà ẹni tí ó mọ ìrìn yín níbí, kì í ṣe ti àǹtí tí kò mọ̀ pé ẹ kúrò nílé. Fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ìwé ìforúkọsílẹ̀ tiwọn, Cospas-Sarsat ti ṣí ọ̀kan sílẹ̀ láti ọdún 2006, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹ wo ọjọ́ tí bátìrì yóò parí, pàápàá bí ó bá jẹ́ àlòkù. Kí ẹni tí yóò mú un wá sì béèrè lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ òfuurufú, nítorí wọ́n máa ń ṣọ́ra fún irú bátìrì tí ó wà nínú rẹ̀.

Bí a bá ti rà á, èyíkéyìí tí ì báà jẹ́, ibi tí a fi í sí ṣe pàtàkì. Ara ènìyàn ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ìsàlẹ̀ àpò ẹrù. Bí ewu bá dé, kí a jáde kúrò lábẹ́ igi bí ẹsẹ̀ bá gbà, kí a wá ibi tí ojú ọ̀run gbòòrò, kí a gbé èríàlì kọjú sókè, kí a má sì ṣe pa á lẹ́yìn tí a bá ti tan án. Bọ́tìnì ìdánwò wà lára rẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má fi bọ́tìnì pàjáwìrì ṣeré ní yàrá. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́, kí ó pa á, kí ó sì tètè jẹ́ kí àwọn aláṣẹ mọ̀ pé kò sí ewu.

A ti kọ̀wé sí bàbá wa ní abúlé ẹsẹ̀ òkè, a sì ti gba nọ́ńbà fóònù rẹ̀ àti ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ìpàdé ìdìbò lórí ẹ̀rọ náà yóò wáyé ní Sátidé tí ń bọ̀, ní aago mẹ́rin, ní yàrá ìkàwé. Ọ̀rẹ́ wa ọmọ Tógò ti ní òun yóò wá. Ó ní èyíkéyìí tí a bá rà, òun ni yóò máa gbé e.